Bí mo ṣe yan orin tí mo fi ń kọ kóòdù nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Àkúrẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi: kí n kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣírò owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lóṣooṣù, èyí tí wọ́n yá, èlé orí rẹ̀, àti gbèsè tó kù lọ́rùn oníkálukú. Python, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ni mo fi kọ ọ́. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó gba ìfarabalẹ̀, torí bí ìlà kan bá ṣi èlé ṣírò, owó olówó ló ń lọ yẹn. Ibi tí mo ti ń ṣe é kò sì jìnnà sí Ọjà Ọba. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn mọ ohun tí ibẹ̀ ń dà síni létí: àwọn tó ń fi gbohùngbohùn ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ọlọ́kadà, oníwàásù, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Mo wá jókòó, mo fara balẹ̀ yan ohun tí màá máa gbọ́ bí mo bá ń ṣiṣẹ́.

Orin kọ́ ni mo kọ́kọ́ wá. Ariwo ọjà ni mo fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún bákan náà láti àárọ̀, etí á gbàgbé rẹ̀ tó bá yá. Ẹni tó ń polówó ọjà ni etí kì í gbàgbé, torí ohùn tirẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ó ń dákẹ́, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí Audacity, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, mo lọ sí Generate, mo tẹ Noise, ìyẹn ariwo, mo sì mú irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Brownian. Irú tí wọ́n ń pè ní White náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ dọ́gba láti ìró tó nípọn jù dé èyí tó tínrín jù, ìyẹn ló fi máa ń ta létí. Ti Brownian ń dín kù bí ìró bá ṣe ń ga sí i, nítorí náà ó rọ̀ létí. Mo ṣe ti wákàtí kan sórí fóònù, mo ní kó máa tún ara rẹ̀ gbé. Kò ná mi ní dátà kankan.

Orin ló wá kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n máa ń sọ pé kí ẹni tó ń kọ kóòdù gbọ́ orin tí kò ní ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ní 1989, Pierre Salamé àti Alan Baddeley, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi nọ́ńbà han àwọn ènìyàn pé kí wọ́n rántí wọn ní tẹ̀léntẹ̀lé, tí orin sì ń lọ lẹ́yìn. Orin tí wọ́n fi ẹnu kọ da ìrántí wọn rú ju orin ohun èlò lọ. Kóòdù kíkà náà ń bá irú ìrántí yẹn ṣiṣẹ́: orúkọ rèé, iye tó wà nínú rẹ̀ rèé, ìlà tó kàn rèé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé orin Kóńgò tí òun kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ á gba òun là. Àwọn olùwádìí méjì mìíràn, Colle àti Welsh, ti fi ọ̀rọ̀ èdè Jámánì dán àwọn tí kò gbọ́ èdè náà wò ní 1976, ó ṣì ba ìrántí wọn jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yọ Sunny Adé, ọmọ Oǹdó wa, àti Orlando Owoh kúrò nínú orin iṣẹ́. Ó dùn mí, torí orin tí mo gbọ́ dàgbà nìyẹn. Mo wá kó ìlù dùndún jọ, ìlù nìkan, láìsí ẹnu ẹnìkankan níbẹ̀.

Màmá mi wọlé bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ta ni wọ́n ń kì nínú fóònù ẹ yẹn?"

Mo ní, "Ìlù lásán ni, Màmá."

"Lásán kọ́. Oríkì ọba ni. Gbọ́ ọ dáadáa."

Mo gbọ́ ọ dáadáa, ó sì ń kì í lóòótọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà nínú èdè wa ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀ bí onílù ṣe ń fún ọṣán rẹ̀ pọ̀ tó sì ń dẹ̀ ẹ́. Ọmọ Jámánì lè fi ìyáàlù ṣe orin tí kò ní ọ̀rọ̀, kò ní dí i lọ́wọ́ bí ó ṣe ń dí ọmọ Yorùbá. Etí wa á máa wá ìtumọ̀ kiri, yálà a rí i tàbí a ò rí i. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bá ń ṣírò èlé, mi ò fẹ́ ṣe ọlọ́gbọ́n, mi ò fẹ́ ṣe ọ̀mọ̀ràn ìlù.

Orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi dùùrù nìkan kọ náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yìí. Dùùrù ò ní ẹnu, ṣùgbọ́n èmi ti mọ ẹsẹ̀ gbogbo láti kékeré, ọkàn mi ló ń kọ ọ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti fi òfin kan lélẹ̀ fún ara mi: orin tí mo bá lè bá sọ ọ̀rọ̀ kan, yálà láti ẹnu, láti ara ìlù tàbí láti inú ìrántí, kò gbọdọ̀ wọlé.

Àwọn tó yege kò pọ̀. Kora, ohun èlò orin olókùn àwọn ará Màlì, bí kò bá sí akọrin níbẹ̀. Gìtá lásán tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo tí gángan ò bá dá sí. Orin géèmù orí kọ̀ǹpútà ló yà mí lẹ́nu jù, ó sì dára gidigidi: wọ́n ṣe é kó lè máa yípo fún ìgbà pípẹ́ láìgba ọkàn ẹni tó ń fi géèmù ṣeré. Bí mo ṣe dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ni pé mo jẹ́ kó lọ bí mo ṣe ń kọ abala kan, mo sì bi ara mi léèrè lẹ́yìn náà pé kí ló dùn jù níbẹ̀. Èyí tí mo bá rí nǹkan rántí nínú rẹ̀, mo yọ ọ́.

Mo wa gbogbo wọn sórí fóònù. Orin tó ń sáré ní kílóbíìtì 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ bíi mẹ́gábáìtì 58 ní wákàtí kan, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ dé alẹ́ á rí i nínú owó dátà rẹ̀. Mo tún ń ṣọ́ bó ṣe ń dún tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òpin ohun tí àgbàlagbà lè máa gbọ́, ariwo Ọjà Ọba sì lè mú kí ọwọ́ ẹni máa gbé e sókè láìmọ̀.

Ní báyìí, kora tàbí orin géèmù ni mo ń fi kọ abala tuntun. Bí mo bá ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti inú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọnú kọ̀ǹpútà, tí kò sí ìrònú níbẹ̀, mo máa ń da Sunny Adé padà, tòun ti gángan àti akọrin, ọwọ́ mi á sì yá. Ṣùgbọ́n bí èlé kan kò bá bára mu, tí mo ní láti tọpa rẹ̀ láti ìlà dé ìlà, Brownian nìkan ni mo ń jẹ́ kó máa dún.