Bí A Ṣe Ń Gbin Ọ̀pẹ Tó Ṣọ̀wọ́n Sí Ọgbà Ilé

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ kòkó nínú ọ̀rá dúdú rí, ní Ìdànrè tàbí Oǹdó, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ìdajì tó kù ni pé orí kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú ọ̀pẹ ní. Bí ewúrẹ́ bá jẹ orí ọsàn, á tún yọ ẹ̀ka. Bí orí ọ̀pẹ bá jẹrà, ó kú nìyẹn.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ilẹ̀ yín ná. Ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní Bismarckia, aláwọ̀ fàdákà, tó wá láti Madagásíkà, ń fẹ́ oòrùn gangan, àgbà rẹ̀ sì lè gba àyè tó mítà 6, nítorí náà ẹ má gbìn ín sẹ́bàá fẹ́ǹsì. Hyophorbe lagenicaulis, tí ìdí rẹ̀ máa ń wú, kì í ga púpọ̀. Ó yẹ ọgbà kékeré. Erékùṣù Round Island ní Mauritius ló ti wá, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó níbẹ̀. Cyrtostachys renda tó pupa fòò ní ọrùn, ilẹ̀ àbàtà Malaysia àti Indonéṣíà ni tiẹ̀. Ọyẹ́ Àkúrẹ́ kò bá a lára mu rárá. Ní tèmi, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi òun bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débi tí wọ́n ti ń tà á, màrìwò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn ewé tuntun tí kò tíì là, tó dúró ṣánṣán láàárín. Ẹ fi ìka méjì dì í mú, kẹ́ ẹ rọra fà á. Bó bá yọ sí yín lọ́wọ́, tí ìdí rẹ̀ rọ̀, tó ń rùn, inú rẹ̀ ti bà jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè fajú ro pé ẹ̀ ń fọwọ́ kan ọjà òun. Ẹ jẹ́ kó fajú ro.

Bó bá jẹ́ abẹ́ ìbòòji ló wà, ẹ má gbé e bọ́ sínú oòrùn lójijì, ewé á jó. Ẹ fi síbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà ló dáa láti gbìn ín, kó lè ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ọ̀rá, tí kò jìn jù ú lọ. Àpáta kì í jìnnà sókè ilẹ̀ láwọn ibì kan l'Ákùúrẹ́, nítorí náà ẹ da omi garawa kan sí kòtò. Bómi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ bí ebè kẹ́ ẹ gbìn ín sórí rẹ̀. Ẹ fi abẹ ya ọ̀rá, kí iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ má fọ́, pàápàá ti Bismarckia, tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gbòǹgbò òun. Ibi tí iyẹ̀pẹ̀ dé nínú ọ̀rá ni kó dé nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá bò ó kọjá ibẹ̀ ń sin ín láàyè.

Ìdí ni kẹ́ ẹ máa bomi sí, kì í ṣe màrìwò.

Ọ̀pẹ máa ń jẹ pòtáṣíọ̀mù, ọ̀kan lára oúnjẹ tí igi ń fà nínú ilẹ̀, gan-an. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń ní àmì rúsúrúsú, tí ṣóńṣó rẹ̀ ń gbẹ, ó lè jẹ́ pé kò rí i tó. Ẹ má yára gé ewé náà, torí ara rẹ̀ ni igi ti ń fa oúnjẹ lọ fún ewé tuntun. Èèpo kòkó tó ti jẹrà tán wúlò níbí, kò sì ṣòroó rí lágbègbè wa. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ní tiẹ̀ ń jó gbòǹgbò.

Kòkòrò dúdú oníwo kan ń bẹ tó máa ń fò lálẹ́ wá lu orí ọ̀pẹ. Bí ewé bá là tó dà bíi pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ wá ihò tó gbà wọlé, kẹ́ ẹ fi wáyà líle fà á jáde. Inú ààtàn àti kùkùté ọ̀pẹ tó ń jẹrà ló ń yé sí, nítorí náà ẹ máa tú ààtàn yín wò. Àwọn adìyẹ á bá yín jẹ ìdin rẹ̀ tán.