Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe factory oúnjẹ ní UK, ẹ yéé ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ sí UK, tí agency ti jù yín sí factory sáńwíìṣì, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gé sàláàdì, tàbí ibi tí wọ́n ti ń kun adìyẹ, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Induction, ìyẹn àlàyé òfin iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, fídíò ni wọ́n kàn máa ń fi hàn, èèyàn á mákì bébà, á buwọ́ lù ú, ó parí. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ òfin yẹn dáadáa. Owó shift là ń rò, a ò fẹ́ kí wọ́n ní ká máa lọ sílé, la bá panu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí inú. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún súpáfáísọ̀, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 48 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó padà sídìí oúnjẹ, ìgbà tó yàgbẹ́ tàbí tó bì kẹ́yìn la sì ti ń ka 48 yẹn o, ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á látìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Àwọn kan á gbé oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró mì, wọ́n á ní ara ti yá, wọ́n á gba shift alẹ́. Kòkòrò yẹn ṣì wà lára wọn. Ẹ má sì fọkàn tán jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí ò fi bẹ́ẹ̀ rí norovirus, kòkòrò tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, gbé ṣe, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sílé ìgbẹ́, ẹ bọ́ kóòtù funfun yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, mi ò mọ ìdí tí èyí fi máa ń ṣòro fáwọn kan.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹlòmíì á fi ṣí bíìnì, á fi ti kéèjì, á fi họ imú, á tún fi mú tòmátò, ó ní òun ṣáà wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ tó dọ̀tí ò sàn ju ọwọ́ tó dọ̀tí lọ.

Ibi tó kan àwa Yorùbá gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀pà. Oúnjẹ 14 ni òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn kedere torí àwọn tí ara wọn kì í gbà á, ẹ̀pà wà níbẹ̀, ẹyin, wàrà, àlìkámà, ẹja, edé, yànmọ̀tí, kajú àtàwọn míì. Ẹ wá wo nǹkan tí à ń ṣe ní break. Kúlíkúlí wà nínú lọ́kà, ẹ̀pà sísun wà lápò ṣòkòtò, sùyà tí wọ́n bu ata sí dáadáa wà nínú kúlà, ata yẹn náà kúlíkúlí lílọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Èèyàn á jẹ ẹ́ tán, á nu ọwọ́ mọ́ tíṣù, á padà síbi tí wọ́n ti ń kó adìyẹ sáàárín búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n kọ sára sáńwíìṣì yẹn ò ní dárúkọ ẹ̀pà, ẹni tó máa rà á ò sì lè mọ̀. Sánítáísà ò lè pa ẹ̀pà torí ẹ̀pà kì í ṣe kòkòrò, ọṣẹ àti omi ló ń wẹ̀ ẹ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, lọ́dún 2016 ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, jẹ baguette (búrẹ́dì gígùn) tó rà ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, yànmọ̀tí wà nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, wọn ò kọ ọ́ sára pákẹ́ẹ̀tì, ọmọ náà kú. Òfin tí wọ́n ń forúkọ ẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2021. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé sáńwíìṣì ẹyin ti ń bọ́ sínú pákẹ́ẹ̀tì ti adìyẹ, ẹ pariwo kí wọ́n dá bẹ́líìtì dúró, bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré náà. Kí súpáfáísọ̀ máa bínú o, á bínú tán.

Ẹ̀yin obìnrin wa, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò rí i, abẹ́ aṣọ ló wà, àmọ́ tí òwú bá já níbi tẹ́ ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ ń dìde, ìlẹ̀kẹ̀ á gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò jáde, ìlẹ̀kẹ̀ oníke bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń wá irin ò lè rí i. Ìpéǹpéjú àtọwọ́dá àti èékánná àlẹ̀mọ́ náà, ilé ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sí. Nẹ́ẹ̀tì irun gbọ́dọ̀ bo etí, attachment yín gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀ tán. Tí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́, ẹ má fi tíṣù wé e kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ lọ gba pílásítà aláwọ̀ búlúù, wọ́n ṣe é ní búlúù torí pé oúnjẹ aláwọ̀ búlúù ò wọ́pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ẹ̀ kí ẹ̀rọ lè mú un. Tó bá wá já bọ́ tẹ́ ẹ ò rí i mọ́, ẹ sọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ ilé iṣẹ́ lálẹ́, ẹ má fi rọ́bà omi alágbára fọ ojú gọ́tà. Inú gọ́tà ni Listeria, kòkòrò kan tó ń ti inú oúnjẹ kó àìsàn ranni, fẹ́ràn láti máa gbé, omi yẹn á fọ́n ọn sókè bí ìkùukùu, á bà sórí bẹ́líìtì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán. Òtútù tó ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò dúró ò dá Listeria dúró, inú fíríìjì ló ti ń pọ̀ sí i. Àjàkálẹ̀ Listeria tó ṣẹlẹ̀ ní South Africa ní 2017 sí 2018, inú polony, irú sọ́sééjì ńlá kan, ni wọ́n rí i pé ó ti wá, ó lé ní 1,000 èèyàn tó kó o, àwọn tó kú lé ní 200. Kẹ́míkà ńkọ́, ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí tó gan mọ́ ara ẹ̀rọ pé kó lè yá, gáàsì chlorine ló máa jáde níbẹ̀, ó sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì bu kẹ́míkà sínú ìgò omi mímu, ẹlòmíì á gbé e mu.

Tí oúnjẹ bá há sínú ẹ̀rọ, bọ́tìnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró nìkan ò tó láti kọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹlòmíì lè tú u sílẹ̀ láìmọ̀ pé ọwọ́ yín wà nínú ẹ̀. Kí ẹni tó mọṣẹ́ pa iná ẹ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ náà wà lápò ẹni tó fẹ́ kọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó wá kan àlámù. Tó bá dún, ẹ jáde. Ẹ má lọ sí lọ́kà lọ mú fóònù, ẹ má lọ mú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ má sì máa to pálẹ́ẹ̀tì síwájú ilẹ̀kùn iná torí pé àyè ò sí, ní ọjọ́ 3 September 1991 iná sọ nílé iṣẹ́ adìyẹ kan nílùú Hamlet, North Carolina, ní Amẹ́ríkà, àwọn ilẹ̀kùn kan wà ní títì pa, èèyàn 25 ló kú níbẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni àánú tiwa. Ẹ rí ọ̀rẹ́ yín tó ṣubú nínú yàrá firísà, ẹ fẹ́ sá wọlé lọ gbé e. Ní Gainesville, Georgia, ní Amẹ́ríkà náà, ní ọjọ́ 28 January 2021, nitrogen olómi tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ dì jò nílé iṣẹ́ adìyẹ kan, nitrogen ò lóòórùn, ṣe ló máa ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò nínú yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ míì tún ń wọlé lọ wò ó, lọ gbé ẹnì kejì wọn, èèyàn 6 ló kú. Ìta ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì UK. Ammonia tí wọ́n fi ń mú yàrá tutù yàtọ̀ díẹ̀, ó ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn ẹ̀ níta, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kẹ́ ẹ sì gba ibòmíì kọjá kó má baà fẹ́ ẹ bá yín.

Ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń kà yín o. Ẹni tó bá yọ́ lọ sílé torí shift ti fẹ́ẹ́ parí, àwọn panápaná lè wọnú iná lọ wá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ọ̀rẹ́ yín clock in kó tó dé, ẹ ṣé o, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé, òun wà nínú bọ́ọ̀sì.

Tí omi gbígbóná bá ta sí yín lára, omi tútù tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú gbáko. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi toothpaste sí i, ẹ má fi epo sí i, ohunkóhun tí màmá ń fi sí i nílé, ẹ má fi sí i.

Nígbà tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ padà wọlé lẹ́yìn àlámù, kóòtù tẹ́ ẹ wọ̀ dúró ní káà páàkì yẹn ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ fọ búùtù, ẹ fọwọ́. Oúnjẹ tó wà lórí bẹ́líìtì nígbà tí àlámù dún, QA, ìyẹn àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò, ló máa sọ bóyá wọ́n á dà á nù, ẹ má kó o sí pákẹ́ẹ̀tì torí pé target ti lọ sílẹ̀.