Ìrírí mi: bí mo ṣe kọ́ fínfín orúkọ sára ide, àti wàhálà irin tí wọn ò pọ́n

Orúkọ màmá mi ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ kan àwo ide pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ ọ́, wọ́n gbowó, nígbà tí mo padà lọ gbà á, Adéṣọlá ti di Adesola. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn ò ní irú lẹ́tà yẹn, pé tí mo bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ fi àmì sí i, owó ọ̀tọ̀ ni, owó ọ̀hún sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú bí mi gan-an. Àwọn tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́, ṣebí ọwọ́ àti ọ̀bẹ náà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ọnà yẹn, kí ló dé tí àmì abẹ́ lẹ́tà á wá di nǹkan tá à ń náwó gọbọi lé lórí? Mo ní màá kọ́ ọ fúnra mi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ya lẹ́tà sórí ide, bẹ́ ẹ ṣe máa dè é mọ́ fáìsì, ìyẹn irin tó máa ń di nǹkan mú gírígírí, mi ò ní fìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn, pẹ́ńsùlù àti rúlà ni, fídíò ẹ̀ pọ̀ lórí YouTube. Ohun tí àwọn fídíò tí mo wò ò sọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá.

Irin tí wọ́n fi ń fín, graver ni wọ́n ń pè é, ẹni tó tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ó ti mú, kí n ṣáà máa lò ó lọ. Irọ́ ni! Mo sanwó irin, mo sanwó ìkẹ́rù tó ju owó irin lọ, ó dé tán, ṣe ló ń rì sínú ide. Tí mo bá tì í síwájú díẹ̀, á dorí kodò wọlé, kò ní jáde mọ́, tí mo bá wá fipá tì í, ṣóńṣó ẹ̀ á kán pẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ojú iwájú nìkan ni wọ́n gé fún un, tó máa ń wà ní bíi dígírì 45. Graver tó pé gbọ́dọ̀ ní gìgísẹ̀ lábẹ́ ṣóńṣó, ìyẹn ojú tín-ín-rín méjì tí wọ́n pọ́n ní dígírì 15 sí 20. Gìgísẹ̀ yìí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ rí àyè lábẹ́ irin, òun náà lẹ fi máa ń darí ṣóńṣó jáde tí ìlà bá parí. Kò sí i lára tèmi rárá, wọ́n sì gbowó mi.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń fi gíráíndà pọ́n àdá, mo ní kó rọra, kó máa ki irin bọ omi, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Kí n tó ṣẹ́jú, iná ti ń ta, ẹnu irin ti yí sí búlúù. Irin carbon ni, tó bá ti yí báyẹn, líle ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò ní pẹ́ kúnú mọ́ yín lọ́wọ́. Ó tún ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fún òun.

Mo padà sílé, mo fọwọ́ pọ́n òmíràn. Mo gbẹ́ igi kékeré kan tó máa gbé irin dúró ní dígírì 45 kó má baà máa yẹ̀, mo fi òkúta dáyámọ́ǹdì nọ́ńbà 600 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni òkúta ṣe kúnná tó) gé ojú iwájú, mo fi 1200 tẹ̀ lé e, omi ni mo ń wọ́n sí i, mo wá fi sáńpépà 2000 tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń lò dán an. Gìgísẹ̀ ò gbagbára, ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ máa fà á lórí 1200, kẹ́ ẹ fi jígí amúǹkan-tóbi yẹ̀ ẹ́ wò pé ojú méjèèjì dọ́gba, tó bá sì ti gùn jù, á máa họ ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tó bá yípo bí O àti S. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mú: ẹ gbé ṣóńṣó lé èékánná àtàǹpàkò láìtẹ̀ ẹ́, tó bá yọ̀, kò tíì mú, tó bá di èékánná mú, ẹ lọ ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí ide kọ́kọ́ ká jáde níwájú irin mi, tó tín-ín-rín bí irun, tó ń dán, tí ìlà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́ féfé, mo pariwo débi tí aládùúgbò fi jáde.

Ẹ má yí irin tẹ́ ẹ bá dé ibi tí lẹ́tà ti yípo, ide ni kẹ́ ẹ máa yí. Kí àtàǹpàkò ọwọ́ tó di irin mú fara ti ide bíi búréèkì, ọwọ́ kejì ò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú ṣóńṣó láéláé, torí irin yìí máa ń yọ̀, ó sì ń wọra. Ní ti àmì abẹ́ lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ gbowó gọbọi lé lórí yẹn, kò tiẹ̀ nílò graver, páǹṣì tẹ́nu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó ni, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ fi hámà kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Mo ṣe é lábẹ́ ṣ àti ọ, ó sì dọ́gba.

Tó bá jẹ́ pé owó ò tó nǹkan, ẹ ra òkúta dáyámọ́ǹdì kẹ́ ẹ tó ra graver kejì. Ẹ lọ bẹ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fún àjákù ide, ẹ má kọ́kọ́ fi bàbà kọ́ṣẹ́ o, bàbà rọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu irin, ẹ óò rò pé irin yín ni ò mú.