Ẹ má sá fún ìṣirò wọ Báyókẹ́mísírì

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà ní LAUTECH, yunifásítì ibẹ̀, máàkì rẹ̀ ò tó, wọ́n fún un ní Báyókẹ́mísírì, ó ní: “Kò burú, báyọ́lọ́jì náà ni.” Ta ló sọ fún un? Kẹ́mísírì ni, inú ara ohun abẹ̀mí ló kàn ti ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù nínú ìṣirò ni lọ́ọ̀gì (logarithm), èyí tó ń sọ iye ìgbà tí a fi mẹ́wàá ṣe ìlọ́po. Bí WAEC bá ti parí báyìí, wọ́n á dágbére fún un, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni pH, òṣùwọ̀n ásíìdì, dúró lé: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Ẹ má wo pH 6 kí ẹ rò pé ó fi díẹ̀ kan ju pH 7 lọ ní ásíìdì. Ìlọ́po mẹ́wàá ni. pH 5 sì jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti pH 7. Láàrin 7.35 sí 7.45 ni ti ẹ̀jẹ̀ wa wà. Bó bá já láti 7.4 sí 7.1, ẹni tí kò mọ lọ́ọ̀gì á ní ìyàtọ̀ díẹ̀ ni. Díẹ̀ kẹ̀? Áyọ̀nù háídírójìn, èyí tí pH ń wọ̀n, ti di ìlọ́po méjì nínú ẹ̀jẹ̀ náà, aláìsàn ti wà nínú ewu nìyẹn.

Ní láàbù ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí ẹ po lítà kan omi iyọ̀ 1 mólà (móòlù iyọ̀ kan nínú lítà kan), ẹ má wọn iyọ̀ 58.5 gíráàmù kí ẹ wá da odindi lítà omi lé e. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ yọ́ ọ, kí ẹ tó bu omi kún un títí yóò fi dé ojú ìlà lítà kan. Ẹ má sì pa mílímólà pọ̀ mọ́ máíkírómólà. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ló wà láàrin wọn.

Ogún àmínò ásíìdì yẹn, àwọn tí ara fi ń kọ́ pọ̀rọ́tíìnì, ẹ má kàn kì wọ́n bí oríkì. Ẹ mọ èyí tó ń ju áyọ̀nù háídírójìn sílẹ̀ àti èyí tó ń gbà á, yóò rọrùn láti rántí ìyókù.

Kálíkúlọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani kò pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gíráàfù ìlà tààrà ló pọ̀. Nínú èyí tí Lineweaver àti Burk gbé jáde ní 1934 fún ẹ́ńsáìmù (ohun tó ń mú iṣẹ́ kẹ́mísírì inú ara yá), ọ̀pọ̀ ló ń ka ibi tí ìlà ti gé ọ̀pá ìdúró bí ẹni pé Vmax, eré tó pọ̀ jù tí ẹ́ńsáìmù lè fi ṣiṣẹ́, nìyẹn. 1/Vmax ni. Bí ẹ bá ka 0.02 níbẹ̀, Vmax yín jẹ́ 50.