Ẹ dákun, ẹ yé fowó àgbéyẹ̀wò ṣòfò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ètò ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀dọ́ tí oògùn ti di bárakú fún

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ àgbéyẹ̀wò yìí lé lọ́wọ́, ìyẹn wíwò bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ìjábọ̀ tí mò ń kà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló ń bí mi nínú: owó rẹpẹtẹ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọmọ kankan sàn.

1. Kíka orí àwọn tó wá sípàdé. Wíwá kọ́ ni sísàn.

2. Àìbi ọmọ léèrè bó ṣe ń lo oògùn sí lọ́jọ́ tó dé. Kí lẹ wá fẹ́ fi wé èsì tẹ́ ẹ bá gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà?

3. Bíbi àwọn tó parí ètò nìkan léèrè. Èyí gan-an lọ̀tá mi. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀dọ́ 40 wọlé, 16 parí, 12 nínú wọn ní àwọn ti jáwọ́. Ìjábọ̀ á kọ 75% gàdàgbà gadagba. Àwọn 24 yòókù ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ gbé wọn mì ni? Tí ẹ bá ka gbogbo ẹni tó wọlé, 30% péré lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀. Nínú àwọn tó lọ, ẹlòmíì ti sàn, kò rídìí tó fi máa padà wá. Ẹlòmíì wà látìmọ́lé. Ẹni tó ń lo heroin ló ń bà mí lẹ́rù jù: tí ara bá ti sinmi díẹ̀, kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́, ìwọ̀n yẹn gan-an sì lè pa á tó bá padà sídìí ẹ̀. Ẹni tí ẹ kọ "ó ti kúrò" síwájú orúkọ rẹ̀ lè ti kú.

Níbì kan, ọ̀gá ibẹ̀ ní kò sí báwọn ṣe lè rí wọn. Mo ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà wá. Nọ́ńbà ìyá ọmọ kan wà níbẹ̀, ó sì ti buwọ́ lù ú pé wọ́n lè pe òun. Òṣìṣẹ́ kan pè é. Kò tíì dún dáadáa tí ìyá fi gbé e: "Ṣé ẹ ti rí i ni?" Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

Ọjọ́ tí ọmọ bá wọlé ni kẹ́ ẹ ti gba nọ́ńbà ẹni méjì-mẹ́ta àti àṣẹ láti pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì ya owó ìpè sọ́tọ̀.

4. Fọ́ọ̀mù CRAFFT, ìyẹn ìbéèrè lórí ọtí àti oògùn tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 12 sí 21, wà láti fi mọ ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́. Kì í ṣe òṣùwọ̀n àyípadà. Ó ń bi ọmọ bóyá ó ti wọ mọ́tò rí tó jẹ́ pé ẹni tó ń wà á ti mutí tàbí lo oògùn. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí ti wọ̀ ọ́ rí. Kó jáwọ́ pátápátá, "bẹ́ẹ̀ ni" náà ni yóò ṣì máa dáhùn.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ náà ń tan yín. Igbó lè hàn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lára ẹni tó ti ń mu ún gan-an, ọtí kì í sì í pẹ́ lọ. Ẹni tó ti jáwọ́ á fìdí rẹmi, ẹni tó mutí yó lópin ọ̀sẹ̀ á yege.

Kí òṣìṣẹ́ ètò má fọwọ́ ara wọn pín fọ́ọ̀mù tó ń bi àwọn ọmọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ṣe sí. Ẹ ò ní gbọ́ òótọ́.

Tó bá kan ẹbí, wọ́n á bi ìyá pé, "Báwo lọmọ yín ń ṣe?" Wọn ò ní bi í bóun fúnra rẹ̀ ń rí oorun sùn. Bẹ́ẹ̀ ètò bíi CRAFT (kì í ṣe fọ́ọ̀mù CRAFFT tòkè yẹn o) wà tó jẹ́ pé ẹbí ni wọ́n ń kọ́, kódà kí ọmọ má tíì gbà láti wá. Oorun ìyá, ìjà inú ilé, ohun tó ń ṣe àwọn àbúrò: ẹ fún ìyẹn láyè tirẹ̀ nínú ìjábọ̀. Ẹ má sì bi ìyá níwájú ọmọ. Ẹ má bi ọmọ náà níwájú ìyá.