Bí Mo Ṣe Wọn Ìfúnpá Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Mi Nílé Títí Ó Fi Bímọ

Aránṣọ ni mí ní Kàbà, n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún ìyàwó mi wọ oṣù keje, nọ́ọ̀sì ibi tó ti forúkọ oyún sílẹ̀ ní kí n máa bá a wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ ti gbé 142 lórí 92 lọ́jọ́ kan tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Èrò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n kàn ní kó jókòó, wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lórí ẹ̀wù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló yọjú sí i. Ó ní kó sinmi, kó bọ́ apá ẹ̀wù sílẹ̀, ó tún un wọ̀n fúnra rẹ̀: 134 lórí 86. Obìnrin kan náà, apá kan náà, kò tíì tó wákàtí kan.

Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá Dayọ̀, ohun tí a bá gbé síwájú ẹ̀rọ ló ń kà o. Ẹ bá mi wò ó nílé níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, kí n lè mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́."

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ máa ń gbé jáde. Ti òkè ni agbára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀ láti tì í jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá dẹ̀. Fún aláboyún, bí òkè bá dé 140 tàbí tí ìsàlẹ̀ bá dé 90, tó sì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí a tún un wọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru nìyẹn. Bí òkè bá dé 160 tàbí tí ìsàlẹ̀ bá dé 110, a kì í dúró di ọ̀la. Ọ̀kan nínú méjèèjì tó láti gbé e dìde lọ sí hósípítù lójú ẹsẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ìfúnpá aláboyún a máa wálẹ̀ díẹ̀ láàárín oyún, á sì tún padà gòkè bí ìkúnlẹ̀ bá ti ń sún mọ́. Nítorí náà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ lè rò pé òun ti san lóṣù karùn-ún, kò sì tíì san.

Lọ́kọ́ja ni mo ti lọ ra ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ na èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ sí mi, ó kéré, ó sì dín lówó. N kò gbà á, nítorí nọ́ọ̀sì ti ní ti òkè apá ni kí n rà, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti dán wò lára aláboyún. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣe dáadáa lára gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń ka nọ́ńbà tó kéré ju bó ṣe rí lọ lára aláboyún tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún bá ti mú. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Microlife CRADLE VSA tí wọ́n dìídì ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Ó ní iná aláwọ̀ ewé, ti yẹ́lò àti pupa, kí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà náà lè mọ ìgbà tí ewu dé, cháájà fóònù ló sì ń lò. Èyí tí mo rà ń lo bátìrì. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, ó fi tirẹ̀ wọn apá kan náà, lẹ́yìn náà ó fi tèmi wọ̀n ọ́n, ó rí i pé wọn kò jìnnà síra.

Mo wo bó ṣe ń lo tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún. Ó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, tí nọ́ńbà ń fi bíi 2 wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan apá. Ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ ni òkè, ibi tó ti dákẹ́ pátápátá ni ìsàlẹ̀. Dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkoff, ló ṣàlàyé ìró náà lọ́dún 1905, òun ni wọ́n ṣì ń lò dòní.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wúlò ni aṣọ ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n wọn àyíká apá ìyàwó mi láàárín méjì èjìká àti ìgúnwọ́. Mo fa téèpù yọ lọ́rùn, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà, torí íǹṣì la máa ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ 34. Mo wo ara aṣọ tó bá ẹ̀rọ wá, 22 sí 32 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò bá a mu. Aṣọ tó bá kéré fún apá a máa mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe rí lọ, èyí tó bá tóbi jù a sì máa mú un wálẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, yẹ kó yí bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá apá náà ká. Fún apá ìyàwó mi, bíi sẹ̀ǹtímítà 27 nìyẹn. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé a kì í fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ fún oníbàárà. Mo padà lọ ra aṣọ ńlá tó bá ẹ̀rọ náà mu, owó rẹ̀ sì tọ́ sí i.

Ká tó jókòó rárá, àwọn nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnyán tán, kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọnmi dé. Ó kéré tán, kó ti sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlú kọfí ni wá, ṣùgbọ́n obì ni ìyàwó mi fẹ́ràn. Ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí wà nínú obì pẹ̀lú, ó sì lè ti ìfúnpá sókè fúngbà díẹ̀, nítorí náà bó bá ti jẹ ẹ́, a óò sún àkókò síwájú. Á lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tó bá kún inú náà ń gbé nọ́ńbà sókè.

Àga rọ́bà tó ní ẹ̀yìn ló ń jókòó lé. Ó fẹ̀yìn tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kò fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì ká àjákù ánkárá sábẹ́ rẹ̀ títí àárín aṣọ ẹ̀rọ fi bá àárín igbá-àyà rẹ̀ dọ́gba. Bí apá bá wà nísàlẹ̀ ọkàn, nọ́ńbà á ga lásán. Bí ó bá wà lókè ọkàn, á wálẹ̀ lásán. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo fa ìlà sára ògiri níbi tí ọkàn rẹ̀ dé tó bá jókòó, kí n má baà máa méfò lójoojúmọ́. Awọ ara ni mo ń wé aṣọ náà mọ́ ní tààrà, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì fi bí ìbú ìka méjì jìnnà sí kòtò ìgúnwọ́.

Lẹ́yìn náà, a óò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi wá láti Ìyàrà wá bá wa gbé, Màmá kò sì lè rí ọmọ wọn lórí àga kí wọ́n má gbàdúrà sí i lórí, kí òun náà sì máa ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan tó láti gbé nọ́ńbà sókè. Mo bẹ̀ wọ́n: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n tán, àdúrà á tẹ̀lé e." Wọ́n gbà pẹ̀lú ìfẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń lé Dayọ̀ padà sí àgbàlá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo wọn apá méjèèjì. Ti ọ̀tún ló ga díẹ̀, òun la sì ń lò títí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọ̀n ọ́n, ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín, mo ń kọ méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí ó bá jẹ́ 133, 133 ni mo ń kọ. N kì í sọ ọ́ di 130 kó lè rọrùn.

Bí ó bá rẹ ìyàwó mi, á ní kí n wá wọ̀n ọ́n lórí ibùsùn. N kì í gbà. Bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, tí mo sì wọn apá ọ̀tún tó wà lókè, apá yẹn ti ga ju ọkàn lọ, nọ́ńbà á sì dín. Bí ó bá dojú sókè, ilé ọmọ tó ti wúwo á tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, ìfúnpá á já, òòyì sì lè kọ́ ọ. Nọ́ńbà tó wálẹ̀ lásán ni mo bẹ̀rù ju èyí tó ga lásán lọ. Èyí tó ga lásán á lé wa lọ sí hósípítù, wọ́n á ní ká máa lọ sílé. Èyí tó wálẹ̀ lásán á ní ká jókòó sílé nígbà tó yẹ ká ti wà lọ́nà.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń sún mọ́, ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan a rí 147 lórí 95. Mo tú aṣọ ẹ̀rọ, mo yẹ ìjókòó àti apá wò, a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo tún un wọ̀n: 146 lórí 94. Kò sí ohun tí a lè fi bò ó mọ́. Màmá ti ṣí báàgì wọn, wọ́n mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn jáde: "Ọmọ mi, kó lo ààbọ̀ rẹ̀ ná kí ilẹ̀ tó mọ́." Lisinopril ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì gbé e kúrò nílẹ̀. Oògùn yẹn àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fún aláboyún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó.

Alẹ́ ọjọ́ náà la lọ. Mo na ìwé náà sí dókítà, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe ìjàyà ìrọ̀lẹ́ kan. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá púrótéènì wà níbẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún, tí púrótéènì sì wà nínú ìtọ̀, tàbí tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín bá ti ń jìyà, ìyẹn ló lè di gìrì, tó ń gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Tirẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n kọ Aldomet, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí aláboyún lè lò, fún un, wọ́n ní ká má dá ìwọ̀n dúró. Wọ́n tún sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀rọ fún: orí fífọ́ líle tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí ìmọ́lẹ̀ wínníwínní, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, èémí tó ń há, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan wọ́pọ̀ lára aláboyún, ti ojú ni kí a ṣọ́.

Ó bí ọmọbìnrin láyọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n má tíì gbé ẹ̀rọ pamọ́, torí láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ ni ìfúnpá máa ń ga jù, gìrì sì lè mú ìyá tó ti bímọ tán. Ẹ wo ìgbà tó bọ́ sí nílẹ̀ wa: àwọn ọjọ́ tí àlejò ìkómọ ti ń dé, tí ilé kún, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ kí ìyá ọmọ jáde wá kí wọn. A ń wọ̀n ọ́n ní kùtùkùtù kí ilẹ̀kùn tó ṣí, àti lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán. Nọ́ńbà náà gòkè díẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, ó sì tún wálẹ̀. Dókítà ń dín oògùn kù títí ó fi ní kó dá a dúró. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 118 lórí 76 ni. Ó ní kí ó máa yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru nínú oyún wà lára àwọn tó lè tètè rí i lọ́jọ́ iwájú, kí ó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyún mìíràn.