Wàrà Sóyà, Ọṣẹ Dúdú àti Ìgò Tìróò: Ohun Tí Mo Fi Oṣù Mẹ́ta Ṣe

Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ní ọjọ́ náà tú ọ̀já ẹ̀rọ kúrò ní apá mi òsì, ó wo ojú mi, ó sì tún un dè mọ́ apá ọ̀tún bí ẹni tí kò gba ohun tó rí gbọ́. 158 lókè, 96 nísàlẹ̀: ó ga jù. Dókítà kọ oògùn fún mi, ó ní kí n dín iyọ̀ àti ọ̀rá ẹran kù, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso sì pọ̀ nínú oúnjẹ mi. Bí mo ṣe ń dìde ló bi mí pé irú ìpara wo ni mo ń lò, nítorí pé ó rí i pé oríkèé ìka mi dúdú ju ọwọ́ mi yòókù lọ. Ojú tì mí. Ìpara abóra tí wọ́n ń pò fúnni lọ́jà ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kó gbogbo ohun tó wà ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ jáde sórí ẹní. Mo pinnu pé n kò ní fi ẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà màlúù fún oṣù mẹ́ta, àti pé ohunkóhun tí n kò bá lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní gbé ilé wa mọ́, ìbáà jẹ́ jíjẹ, ìbáà jẹ́ fífi para. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá Tọ́lá, ṣé o fẹ́ sọ wá di ewúrẹ́ ni?”

Kúùbù amọ́bẹ̀dùn ni mo kọ́kọ́ mú. Iyọ̀ ló ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ ara páálí rẹ̀, ohun tó bá sì ṣáájú nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan péré, bẹ́ẹ̀ èmi a sì máa sọ kúùbù mẹ́ta sínú ìkòkò kan kí n tó tún bu iyọ̀ lé e. Irú ni mo fi rọ́pò rẹ̀, irú wooro tí mo fọ̀ dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń tà á a máa fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹnu wa fi ṣe àtakò, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni wàrà sóyà, nítorí pé ọkọ mi kì í ka ọbẹ̀ sí ọbẹ̀ bí kò bá rí nǹkan gé jẹ nínú rẹ̀. Mo ra ààbọ̀ kóńgò sóyà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, mo ṣà á, mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ní òwúrọ̀ mo bó èèpo rẹ̀, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ìkòríta wa. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ẹni tó ṣáájú mi ti lọ ata rodo. Mo bẹ ọmọ náà pé kó fi omi ṣan ẹ̀rọ, ó ṣàn án lóòótọ́, síbẹ̀ wàrà ọjọ́ náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ta. Ọkọ mi nìkan ló gbádùn rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, blẹ́ńdà ilé ni mo lò, omi gbígbóná ni mo sì fi lọ̀ ọ́, torí pé òórùn tútù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ lára sóyà a máa pọ̀ sí i bí a bá fi omi tútù lọ̀ ọ́. Mo fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ, mo fún un títí ọwọ́ fi ro mí, mo sì gbé omi rẹ̀ kaná. Ẹ má kúrò nídìí ìkòkò yìí o: kì í kìlọ̀ kó tó hó dà sílẹ̀. Lẹ́yìn tó hó, mo jẹ́ kó wà lórí iná tó rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo ń rò ó kí ìdí rẹ̀ má bàa jó, nítorí pé sóyà tí kò jinná dáadáa ní èròjà kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn lo purotéènì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omídùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta sí i díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, funfun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní wórówóró, omi tó kù láàárín rẹ̀ sì mọ́, ó pọ́n rúsúrúsú. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dáwọ́ dúró, nítorí pé bí omi kíkan bá pọ̀ jù, wàrà náà yóò kan, yóò sì le bí ọ̀rá tó dì. Mo dà á sínú aṣọ, mo dì í, mo gbé ọmọ ọlọ lé e fún wákàtí kan, mo sì gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí mo fi ẹ̀gúsí àti olú sè. Àwọn tó ń tà á lójú títì a máa dín in nínú òróró tó kún agbada, ṣùgbọ́n n kò rí èrè ẹni tó sá fún ọ̀rá ẹran tó wá lọ ń mu òróró.

Ohun kan wà tí ewé kò lè ṣe. Dókítà ní fítámì B12 kò sí nínú oúnjẹ ewé ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè gbára lé, ó sì fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó tún ní kí n máa mu ọsàn tàbí kí n jẹ ìbẹ́pẹ pẹ̀lú ẹ̀wà, kí áyọ́ọ̀nù (iron) inú ẹ̀wà náà, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lè wọ ara dáadáa.

Ní ti ìpara, ike kò ní orúkọ, kò ní àkọsílẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè kà. Mo wo àwọn méjì yòókù tó ní àkọsílẹ̀: hydroquinone, èròjà tó ń bó ara, wà lára ọ̀kan, clobetasol wà lára èkejì, ìyẹn oògùn tó lágbára, tó máa ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí a bá ń fi í para lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí calomel tàbí mercurous chloride lára ìpara, mẹ́kúrì nìyẹn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà kò jẹ́ kí n dá tèmi dúró lójijì. Ó fún mi ní èyí tí kò le tó o, mo ń dín in kù lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Òrí ni mo ń lò báyìí.

Mo tún fi ọṣẹ dúdú rọ́pò ọṣẹ olóòórùn dídùn, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀. Mo gé e gbẹ̀ǹdẹ̀, mo fi í ra ojú bó ṣe wà. Ojú ta mí títí di ọ̀sán, awọ rẹ̀ sì gan. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi ń ṣe é, omi eérú náà sì mú. Nísinsìnyí, ìwọ̀n èékánná ni mo ń gé sínú igbá omi, ìfóòfó rẹ̀ nìkan ni mo fi ń wẹ ojú. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí ẹni tó bá ń sọ pé ohun ìbílẹ̀ kì í pani lára.

Èyí tó le jù lórí ẹní náà ni ìgò tìróò ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fi ń kun ojú àwọn ọmọ wa láti kékeré. Òjé (lead) ló máa ń pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ tìróò. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí wọ́n ń kun tìróò tó wá láti Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀ wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà ló jẹ́ òjé. Òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, 136 lé 84 ni nọ́ọ̀sì rí. Mo ṣì ń lo oògùn mi, nítorí náà n kò lè sọ pé sóyà ló ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n jẹ wàrà, wọ́n ní kí n bu sí i, wọ́n sì béèrè ìgò wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, láti ìgbà ìyá ìyá mi la ti ń kùn ún, ojú wo ló fọ́?” Mo ní ojú kò fọ́, mà, ọpọlọ àwọn ọmọ ni mò ń sọ. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn kò ní kùn ún sí ojú ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n kí n fi ojú tiwọn sílẹ̀ fún wọn.